Mo Ra Fíníà Olónà ní Bódìjà fún Gìtá Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Ṣe

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí kò gbé pátákó orúkọ síwájú. Ó wà ní abala àwọn onípákó ní ọjà Bódìjà nílùú Ìbàdàn, bàbá àgbàlagbà kan àti ọmọṣẹ́ méjì ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Fíníà ni wọ́n ń tà, ìyẹn awọ igi tí wọ́n fi ẹ̀rọ bẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára gẹdú, tí àwọn káfíńtà máa ń lẹ̀ mọ́ ojú pákó tí kò lẹ́wà kí ó lè jọ igi olówó ńlá. Bí oníbàárà bá fẹ́, wọ́n tún máa ń bá a lẹ̀ ẹ́. Mo ra ọjà lọ́wọ́ wọn, mo sì tún sanwó iṣẹ́ fún wọn. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo ní í sọ nípa ọjà, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí mo ní í sọ nípa iṣẹ́. Nítorí pé ìráhùn wà nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà, n kò ní ṣe àpèjúwe ṣọ́ọ̀bù náà ju báyìí lọ. Ẹni tó bá mọ Bódìjà dáadáa kò ní pẹ́ rí àwọn onífíníà; ohun tó yẹ kí ó yẹ̀ wò kí ó tó tọwọ́ bọ àpò ni mo fẹ́ sọ.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, bó bá sì di ọjọ́ Àìkú, èmi ni mò ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gìtá tí mò ń lò ti gbó, iye tí wọ́n ń ta tuntun sì ti kọjá agbára olùkọ́, ni mo bá pinnu láti ṣe èyí tí mo fẹ́ fúnra mi. Mo ra ọrùn gìtá ní ṣíṣe tán pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ohùn okùn, àti bíríìjì tí okùn ń sinmi lé, ṣùgbọ́n ara gìtá náà, ọwọ́ mi ni mo fi gé e láti inú pákó afárá tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 44. Kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú afárá o. Igi tó kún ọjà pákó wa yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ní korina nídìí òwò, òun sì ni iléeṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer ní ọdún 1958, tí àwọn olówó ń bá ara wọn du ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú wọn títí di òní. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé. Àléébù rẹ̀ lójú tèmi ni pé ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú láìsí ọnà kankan nínú rẹ̀, ó kàn dákẹ́ bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni.

Gìtá tí ọnà inú igi rẹ̀ máa ń rìn bí èèyàn bá yí i síwájú ìmọ́lẹ̀ ló wà lọ́kàn mi. Láti ọdún 1952 tí Gibson ti gbé gìtá Les Paul jáde ni wọ́n ti ń fi igi mépù tó nípọn bo ojú ọ̀gànwó, òmíràn nínú mépù náà sì máa ń ní ọnà bí ahọ́n iná. Mépù kì í hù nílẹ̀ wa, pákó tó nípọn tó sì ní irú ọnà bẹ́ẹ̀ yóò sì ná mi ju gbogbo gìtá náà lọ. Fíníà ni ọ̀nà àbùjá tó kù.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbóríyìn fún ni bí wọ́n ṣe ń ta ọjà wọn. Mo dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo sì béèrè fíníà tó ní ọnà. Bàbá kò kàn nawọ́ sí òkìtì kí wọ́n mú èyí tó wà lókè fún mi. Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe, nígbà tí mo ní gìtá ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Tíṣà, ohun tí gbogbo èèyàn yóò máa tẹjú mọ́ nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀kùn tí a ń tì sẹ́yìn." Wọ́n fa ìdì kan yọ lábẹ́ tábìlì, wọ́n mú ewé kan nínú rẹ̀ jáde sínú oòrùn, wọ́n rẹ àkísà sínú omi, wọ́n fún un, wọ́n sì fi nu apá kan ewé náà. Ojú igi tó ti rí bí eruku tẹ́lẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó pọ́n, ó jinlẹ̀, àmì róbótó-róbótó sì kún inú rẹ̀ bí ojú odò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí. Bí wọ́n ti ń gbé e sókè sódò, ibi tó dúdú ń mọ́lẹ̀, ibi tó mọ́lẹ̀ ń ṣókùnkùn. Bàbá ní, "Ẹ má ra fíníà ní gbígbẹ láéláé. Bí omi ṣe fi í hàn yìí náà ni láákà yóò ṣe fi í hàn."

Igi Sapele ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí iléeṣẹ́ African Timber and Plywood ti gé gẹdú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹbí kan náà ni òun àti ọ̀gànwó. Sapele lásán máa ń ní ìlà gbọọrọ-gbọọrọ, nítorí pé bí igi náà ti ń dàgbà, fọ́nrán inú rẹ̀ máa ń dorí kọ apá kan fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó tún yí padà sí apá kejì. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀nba igi díẹ̀, fọ́nrán yìí máa ń lọ́ mọ́ra káàkiri débi pé ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e kò lè padà sí apá kan náà, ohun tí à ń pè ní ọnà nìyẹn. Kì í ṣe àwọ̀ ló wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni, ìdí sì nìyí tí fọ́tò kò fi lè sọ òótọ́ nípa fíníà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, kí ó sì lọ láàárọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀.

Ewé kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 20 ni wọ́n tà fún mi ní ₦4,500. Méjì ni mo nílò, nítorí pé ìbú ewé kan kò tó bo ojú gìtá. Mo ti fẹ́ yan ewé méjì tó wù mí jù, ọ̀kan láti òkè ìdì, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí etí ewé kọ̀ọ̀kan hàn mí: bí ẹ̀rọ ṣe bẹ́ wọn tẹ̀léra lára igi náà ni wọ́n ṣe tò wọ́n. Ewé tó bá tẹ̀léra nìkan ni a lè ṣí bí ìwé, kí ọnà apá ọ̀tún lè máa wo ti apá òsì bí ẹni ń wo dígí. Oníṣòwò mìíràn ìbá gba owó mi kó jẹ́ kí n lọ fi ojú ara mi rí i nílé. Èyí wà lára ohun tí mo fi ń sọ pé olóòótọ́ ni bàbá yìí, bí mo tilẹ̀ ṣì máa ráhùn láìpẹ́.

Mo mú ewé méjèèjì lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo sì fi irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nínípọn wáyà wọ̀n wọ́n ní ibi mẹ́wàá. Ibi tó fẹ́lẹ́ jù jẹ́ mílímítà 0.58, ibi tó nípọn jù jẹ́ 0.63. Ọjà tó dọ́gba nìyẹn, nítorí pé 0.6 ni ọ̀pọ̀ fíníà máa ń jẹ́. Kí ó lè yé ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án rí, nǹkan bí ewé ìwé ìkọ̀wé mẹ́fà tí a tò léra wọn ni. Ẹni tó bá wá fẹ́ kí ojú gìtá òun yọ ikùn díẹ̀ bí ti Les Paul, tàbí tó fẹ́ fá etí rẹ̀ kí ó rí róbótó, kí ó yáa gbàgbé fíníà, nítorí pé ìfági kan ṣoṣo ti tó láti gé e dé ìdí. Orí ojú tó tẹ́jú ló rọrùn jù láti lẹ fíníà mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ṣe mí ni dídi ẹrù. Wọ́n ká ewé náà bí ẹní, wọ́n fi bébà ìròyìn wé e, wọ́n fi rọ́bà dè é, ó di orí ọ̀kadà. Kí n tó dé ilé ní Ọjọ́ọ̀, ọ̀kan ti ya ní etí níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Kò ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí pé ibi tí a óò gé dànù ni, ṣùgbọ́n orí ló yọ mí. Ẹ mú páálí méjì tó le dání láti ilé, kí ẹ fi ewé náà sáàárín wọn. Ohun kejì ni pé fíníà náà kò tẹ́jú, ó ń gbé sókè gbé sódò bí páánù tí òjò yìnyín lù. Àṣà gbogbo fíníà olónà nìyẹn, torí pé fọ́nrán tó lọ́ káàkiri kò lè gbẹ bákan náà, n kò sì kà á sí ẹ̀bi wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi pé n kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi omi tí mo ro gilisẹ́ríìnì díẹ̀ mọ́ wọ́n ọn, mo fi í sáàárín bébà tí wọ́n fi ń di ẹrù, mo gbé àwọn ìwé ńláńlá lé e lórí, mo sì ń pààrọ̀ bébà náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó tẹ́jú.

Ó wá kan iṣẹ́ lílẹ̀. ₦6,000 ni wọ́n gbà. Ó jẹ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún, ọyẹ́ ń mú, ètè gbogbo èèyàn ti ya. Bàbá kò sí lọ́jà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní wọ́n lọ síbi ìsìnkú, ni èyí àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo dúró tì í. Ó so ewé méjèèjì pọ̀ dáadáa, ó fi abẹ gé etí wọn papọ̀ títí ojú ìsopọ̀ náà fi di ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú mi kò lè rí mọ́, ó sì fi téèpù bébà mú un. Ọmọ náà mọwọ́ abẹ, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó da gọ́ọ̀mù funfun sórí afárá mi, ó fi ègé páálí tẹ́ ẹ, ó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ lójú tèmi. Ó gbé fíníà lé e, ó gbé pílíwúùdù tó jẹ́ mílímítà 12 lé fíníà lórí, ó sì fi kíráǹpù mẹ́fà, ìyẹn irin tí àwọn káfíńtà fi ń há iṣẹ́ mọ́ra, mú un yíká etí. Kò sí ìkankan ní àárín, nítorí pé ẹnu kíráǹpù rẹ̀ kò gùn débẹ̀.

Mo ní, "Àárín ńkọ́?" Ó dáhùn pé, "Ọ̀gá tíṣà, ó ti mú. Bí a ṣe ń ṣe é fún àwọn onílẹ̀kùn náà nìyí." Lẹ́yìn wákàtí méjì, oníbàárà mìíràn dé, ọmọṣẹ́ náà sì tú kíráǹpù náà kúrò lára iṣẹ́ mi, ó lọ fi mú tẹni yẹn. Nígbà tí mo wo ojú gìtá náà, ó ń dán, ó tẹ́jú, inú mi sì dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Mo gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí i. Bí mo ti gbé gìtá náà sún mọ́ fèrèsé, òjìji kékeré kan wà ní àárín, níbi tí bíríìjì yóò dúró sí. Mo fi èékánná gbá a jẹ́jẹ́. Níbi tí fíníà ti mú, ohùn rẹ̀ le, kọ́-kọ́-kọ́. Nígbà tí mo dé àárín, ó di pẹ̀kẹ̀-pẹ̀kẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ gbá páálí òfìfo. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí gbogbo ibi tó dún bẹ́ẹ̀ ká. Mẹ́ta ni wọ́n. Méjì kéré bí orí bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta tóbi tó ẹnu ife, ó ti wú bí ìléròrò ibi tí omi gbígbóná dà sí.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀, irú rẹ̀ ni mo tilẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ. Agbára tí kíráǹpù kan ń tẹ̀ wálẹ̀ máa ń fẹ̀ bó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú igi, ṣùgbọ́n kì í fẹ̀ jìnnà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bí igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ṣe nípọn tó náà ni agbára náà yóò ṣe tàn kọjá ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ pílíwúùdù mílímítà 12, kíráǹpù tó wà ní etí kò lè tẹ ohun tó jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ohun tó burú jù ni pé bí etí bá ti mú, pílíwúùdù tó fẹ́lẹ́ yóò gbé àárín sókè díẹ̀, gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù yóò sì sá lọ sí àárín náà, yóò kóra jọ síbẹ̀. Omi wà nínú gọ́ọ̀mù funfun. Omi náà mú kí fíníà fẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tú u kí ó tó gbẹ, tí ọyẹ́ wá ń fa omi náà jáde kíákíá láti òkè, kò sí ohun tó dì í mú nísàlẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn lè fara gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé pákó gbọọrọ tí wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn mú máa ń la àárín kọjá. Gìtá kò lè gbà á.

Mo padà lọ bá bàbá. Wọ́n fi èékánná gbá a bí mo ṣe gbá a, wọn kò sì bá mi jiyàn rárá; wọ́n kàn yí ojú sí ọmọṣẹ́ náà, ó sì dojú bolẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e kalẹ̀, wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo béèrè irinṣẹ́ tí wọn yóò fi tẹ àárín, kíráǹpù mẹ́fà náà ni wọ́n tún nawọ́ sí, mo sì kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n dá ₦3,000 padà fún mi nínú ₦6,000, wọ́n ní gọ́ọ̀mù àti àkókò ọmọ ló gba ìyókù. Títí di òní, ₦3,000 yẹn ṣì ń dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ tí kò dúró kò ní owó kankan lórí. Ṣùgbọ́n wọ́n wá inú ìdì náà, wọ́n fa ewé méjì tó tẹ̀ lé èyí tí mo ti rà yọ, ọnà kan náà láìsí ìyàtọ̀ tí ojú lè rí, wọ́n sì gba ₦6,000 péré dípò ₦9,000.

Ìléròrò kéékèèké, èèyàn lè tọ́jú wọn: ẹ fi abẹ ya fíníà tẹ̀ lé ọ̀nà tí fọ́nrán igi gbà, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìgúnni tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún gọ́ọ̀mù díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé ohun tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Mo dán an wò lórí àwọn méjì kékeré, ó ṣe é. Èyí tó tóbi bí ẹnu ife kọ̀. Mo fi aṣọ tútù bò ó, mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀, mo sì ká gbogbo fíníà náà kúrò. Iṣẹ́ àárọ̀ kan gbáko ni, ₦9,000 ló sì wọ inú garawa ilẹ̀.

Ní ìgbà kejì, afẹ́fẹ́ ni mo jẹ́ kí ó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ní Sángo, mo ra kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ fíríìjì àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ó sì bá mi so géèjì àti ẹ̀rọ ìdádúró kékeré tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé mọ́ ọn. Ìhà tó fi ń fa afẹ́fẹ́ ni mo lò. Mo fi rólà ọ̀dà kékeré tẹ́ gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ sórí afárá nìkan, n kò fi kan fíníà. Mo gbé fíníà lé e, mo fi nylon bò ó, mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo nylon náà kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà jáde káàkiri, mo sì ki gbogbo rẹ̀ bọ inú àpò nylon tó nípọn, tí mo fi gọ́ọ̀mù dúdú rírọ̀ àwọn onígíláàsì ọkọ̀ dí ẹnu rẹ̀. N kò tíì gbẹ́ ihò píkọ́ọ̀pù nígbà náà, ọgbọ́n sì ni, nítorí pé bí ihò bá wà lábẹ́ fíníà, àpò náà yóò fà á wọ inú ihò. Nígbà tí mo tan kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀, àpò náà ń kákò díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lẹ̀ mọ́ ara gìtá bí awọ ìlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Géèjì fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti jáde. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ojú gìtá tó fẹ̀ tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ti mítà onígun mẹ́rin kan, ó dà bí ẹni pé a to àpò sìmẹ́ńtì 19 lé e lórí, ó sì dọ́gba láti etí títí dé àárín. Iná lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ti ẹ̀rọ ìdádúró náà pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ géèjì ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Mo gbá gbogbo ojú gìtá náà látòkè délẹ̀. Kọ́-kọ́-kọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Sánpépà 240 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì fi 320 parí, ọwọ́ ni mo fi fá a, kì í ṣe ẹ̀rọ. Síbẹ̀, níbi etí ìwo ìsàlẹ̀ gìtá náà, ìyẹn ibi tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, mo fá kọjá fíníà, afárá sì yọjú níwọ̀n hóró ìrẹsì kan. Pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ọmọ mi ni mo fi pa á rẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ní kí n fi osùn pa ojú rẹ̀ pọ́n. Osùn kì í yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ nínú sìpírítì, mo sì dán an wò lórí ègé fíníà tó ṣẹ́ kù. Ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó rẹwà gidigidi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ègé náà sójú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ibi tí oòrùn ń dé ti ṣá. Mo fi Sapele sílẹ̀ ní àwọ̀ tí Ọlọ́run dá a. Láákà, mo dúró di oṣù kẹta, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run, kí n tó gbé e fún ẹni tó ń fín láákà sára àga ní àdúgbò wa.

Ohun kan wà tí mo rí lẹ́yìn tí láákà gbẹ, tí ó yẹ kí àwọn tó bá fẹ́ ṣí fíníà bí ìwé mọ̀. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó ń bẹ́ fíníà máa ń ya ojú kan rẹ̀ wẹ́wẹ́, àwọn ìlà tí ojú kò lè rí, ojú kejì sì máa ń dì. Nígbà tí a bá ṣí ewé méjì bí ìwé, ojú tó dì ni ti ọ̀kan, ojú tó ya ni ti èkejì, ni ìmọ́lẹ̀ kì í fi í bà lé wọn bákan náà. Bí mo bá dúró lápá òsì, ìdajì kan gìtá mi dúdú díẹ̀ ju ìkejì lọ. Bí mo bá lọ sápá ọ̀tún, wọ́n pààrọ̀ ipò. Àwọn kan yóò kà á sí àléébù. Èmi fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti ohùn, kí ẹnikẹ́ni má retí ìyanu. Mílímítà 0.6 lórí 44 kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, mágínẹ́ẹ̀tì inú píkọ́ọ̀pù sì ń gbọ́ okùn irin ju igi lọ. Ẹ̀gbọ́n tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ wa sọ pé gìtá tuntun náà dún jinlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ; mo sọ fún wọn pé okùn tuntun ni mo fi sí i, wọn kò gbà.

Bí ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ ra fíníà lọ́wọ́ bàbá láìṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi nù ún lójú yín, ẹ sì gba ewé tó tẹ̀léra. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ san owó díẹ̀ kí ọmọṣẹ́ yẹn bá yín so ewé méjèèjì pọ̀, torí pé n kò rí ẹni tó gé ojú ìsopọ̀ tó mọ́ tó tirẹ̀ ní Bódìjà. Kí ẹ má fi lílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, àyàfi bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ni ẹ fẹ́ ṣe. Èmi fúnra mi ti padà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ra ewé mẹ́rin sí i nínú ìdì kan náà kí ó tó tán. Wọ́n wà lábẹ́ máátírẹ́ẹ̀sì mi báyìí, láàárín páálí méjì, ìyàwó mi sì ti sọ fún mi pé òun ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún bí òun bá yíra padà lóru.